Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Nípàdé: Ẹ Má Fa Wáyà Kọ̀ǹpútà Yọ Tí Kò Bá Tíì Kú

  

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọjà àti gbèsè. Ó kan gbogbo wa náà, torí orúkọ àti owó àjọ wa wà nínú èyí tó wà ní ọ́fíìsì.

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ọlọ́dẹ bá ti ń lu géètì, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù á kàn fa wáyà yọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tí update bá wà nílẹ̀, ẹ ó rí “Update and shut down” níbi tí ẹ ti ń pa Windows. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Á máa ka nọ́ńbà lọ sí 100, á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ má pa òun. Ó ń yọ ti àtijọ́, ó ń fi tuntun sí i ni. Ẹni tó ń pààrọ̀ òpó ilé, tó ti yọ ti àtijọ́, tí kò tíì ri tuntun mọ́lẹ̀, tí ẹ wá lé e lọ, ṣé ilé yẹn á dúró? Nígbà míì kọ̀ǹpútà á dá ara rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Nígbà míì, kò ní tan mọ́.

Nítorí náà, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, ẹ má fi iná NEPA nìkan ṣe é, àfi tí inverter bá wà, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ tó. Ti laptop, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀. Ẹ má pa á dé, ẹ má tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kódà tí nọ́ńbà bá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Kì í jẹ dátà nígbà yẹn, ó ti jẹ ẹ́ tán nígbà tó ń gbà á wọlé. Tí ẹ bá tàn án láàárọ̀, ó lè parí èyí tó kù, ẹ ní sùúrù. Tí ẹ bá ń kánjú, “Shut down” lásán sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹ tẹ ìyẹn, kí ẹ ṣe update lọ́sàn-án tí ọjà bá dá.

Àwọn kan ní àwọn ò ní ṣe é rárá. Lóṣù March 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde. Ní 12 May 2017, WannaCry dé, ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń gba owó kó tó ṣí i. Ó dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní England, wọ́n ní kí àwọn aláìsàn máa lọ. Ẹni tó ti gba àtúnṣe yẹn, kò ríhò wọlé sí i.

Ẹ ṣọ́ra o: èyí tó bá yọjú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé “tẹ ibí, ṣe update,” olè ló sábà máa ń jẹ́. Inú Settings ni ti gidi wà. Kí ẹ sì kó àkọsílẹ̀ yín sí fláàṣì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. (Èmi ò tíì ju ìwé gbèsè mi nù o.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù ni Microsoft máa ń gbé e jáde. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, aago 2 ọ̀sán, la ó máa ṣe ti ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó mú ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dání wá.