Kọ́ìnì Inú Àpótí: Ta Ni Ká Gbà Gbọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọlọ́dọọdún ẹgbẹ́ wa, ní Iléṣà)

Akọ̀wé ní kí n má sọ̀rọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí láti ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn.

Ẹ mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa tó papòdà lọ́dún tó kọjá fi agolo bísíkíìtì kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Owó àtijọ́ ló kún inú rẹ̀: ọ̀nínní, kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ní ọkọ òun ní kí á tà á, kí á fi owó rẹ̀ tún òrùlé ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe. Ni ìgbìmọ̀ bá pín sí méjì. Àwọn kan ní kí á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ kọ́ìnì wò, tí wọ́n ń fi í sínú àpótí ike pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń kọ máàkì rẹ̀ sí i lára. Àwọn yòókù ní jìbìtì gbáà ni. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo ti ń kó kọ́ìnì jọ láti ìgbà pípẹ́ wá sọ tèmi.

Kí ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wà fún? Láyé àtijọ́, ẹnu ẹni tó ń tà ni a ti ń gbọ́ bí kọ́ìnì ṣe dára tó. Bí ó bá ń tà á fún ọ, á ní titun ni. Bí ìwọ bá fẹ́ tà á padà fún un, á ní ó ti gbó. Wọ́n wá wá ẹnì kẹta tí kò rà, tí kò tà. PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California ní 1986, NGC tẹ̀ lé e ní 1987, òun wà ní Florida báyìí. Máàkì wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó parí sí 70. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Sheldon ló gbé ìwọ̀n 1 sí 70 yìí jáde ní 1949, ó ṣe é fún kọ́bọ̀ ńláńlá àtijọ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ ìyókù ná. Ó kú ní 1977. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni American Numismatic Society ní New York rí i pé ó ti ń mú kọ́bọ̀ tó dára nínú ohun ìṣúra tiwọn, ó sì ń fi èyí tí kò tó o rọ́pò. Ẹni tó kọ́ ayé bí a ṣe ń fún kọ́ìnì ní máàkì mà ni o!

Bàbá tèmi kò mọ Sheldon. Òṣómàáló ni bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí mò ń wí: wọ́n á ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó. Ẹni tó ti lóṣòó látàárọ̀ kò ní í gba ayédèrú ṣílè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi á sọ ṣílè náà sórí òkúta, á tẹ́tí sí i. Bí ohùn rẹ̀ bá ja gaara, á sọ ọ́ sápò. Bí ó bá dún kì, á dá a padà, á tún lóṣòó.

Ó sì nídìí. West African Currency Board, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, kọ́kọ́ fi fàdákà gidi ṣe tọ́rọ́, sísì àti ṣílè wa. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Idẹ kò wọ́n, àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì mọ̀ ọ́n rọ. Ni ayédèrú bá gbòde, àwọn òyìnbó aláṣẹ sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ará Ìjẹ̀bú. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo akápò wa bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló rọ ọ́.)

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òkúta bàbá mi kò lè sọ. Ó lè sọ pé ojúlówó ni ṣílè yìí. Kò lè sọ bí ó ti dára tó. Ọ̀gá wa tó jókòó síwájú yìí ló kọ́ wa ní ìṣirò. Bí olùkọ́ mẹ́ta bá máàkì ìṣirò kan náà, máàkì kan náà ni wọn yóò fún un. Ẹ wá fún àwọn mẹ́ta náà ní àròkọ. Ọ̀kan á fún un ní 65, èkejì 58. Ẹ gbé e padà fún ẹni àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá ti jẹ iyán tán, ó lè di 70! (Ẹ̀rín.) Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ́ìnì rí. Ìwọ̀n rẹ̀, irin tí wọ́n fi ṣe é, bóyá ojúlówó ni, ìṣirò ni ìyẹn. Máàkì tí wọ́n kọ sára àpótí, àròkọ ni. Àwọn ọlọ́jà kan ní Amẹ́ríkà máa ń fọ́ àpótí, wọ́n á dá kọ́ìnì náà padà fún ilé-iṣẹ́ kan náà, bóyá 64 á di 65, nítorí máàkì kan ṣoṣo yẹn lè sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1990, Federal Trade Commission ti ìjọba Amẹ́ríkà pe PCGS lẹ́jọ́ pé ìpolówó ọjà rẹ̀ ti pọ̀ ju òtítọ́ lọ. Wọ́n yanjú rẹ̀ láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti máa fi ìkìlọ̀ sínú ìpolówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo ra ṣílè 1914 kan ní London. Ó wà nínú àpótí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí mi ò ní í dárúkọ, máàkì 65. Iye tí mo san, mi ò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ìyàwó mi títí di òní, ó sì jókòó síbí. Nígbà tí mo dé Òṣogbo, mo gbé e sí oòrùn ẹ̀yìnkùlé, mo fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín kún ojú rẹ̀, apá kan náà ni gbogbo wọn kọrí sí. Wọ́n ti fi nǹkan dán an! Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá méjì yẹn. Èsì dé: ojúlówó ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́, nítorí náà kò ní máàkì kankan. Ilé-iṣẹ́ kékeré yẹn gba ìṣirò, ó fìdí rẹmi nínú àròkọ. Àròkọ ni èmi sì sanwó fún.

Àpótí náà sì ní ayédèrú tirẹ̀. Láti bí 2008 ni wọ́n ti ń rí àpótí PCGS àti NGC ayédèrú tó ń ti Ṣáínà wá. Nítorí náà, nọ́ńbà tó wà lára àpótí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó sanwó. Bí àwòrán bá wà níbẹ̀, ẹ fi wé kọ́ìnì tó wà lọ́wọ́ yín, torí àwọn oníjìbìtì máa ń jí nọ́ńbà tòótọ́ lò.

Ó wá ku agolo wa. Mo tú u sórí tábìlì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́bọ̀ onihò ló pọ̀ jù. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń yọ̀ nítorí a rí èyí tí wọ́n kọ orúkọ Edward Kẹjọ sí, ọba tó fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1936. Òótọ́ ni pé wọn kò ná kọ́ìnì olórí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n tiwa kò ní àwòrán orí, ihò ló wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì ti rọ ọ́ lọ́pọ̀ mílíọ̀nù. Kò wọ́n rárá. Láti yẹ ẹyọ kan wò ní Amẹ́ríkà lè ju ogún dọ́là lọ, láìka owó ìfiránṣẹ́. Kí á fi ogún dọ́là wá máàkì fún kọ́bọ̀ tí kò tó dọ́là méjì, ṣé ọgbọ́n nìyẹn?

Fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Ó dùn mí láti sọ ọ́ níwájú ìyàwó olóògbé, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án nínú wọn ni ẹnì kan ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ dáadáa, bí ẹni ń fọ ìkòkò ọdún. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ gidi tí yóò fún wọn ní máàkì. Kí á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà níbí ní Iléṣà, kí ó wọ̀n wọ́n: ṣílè fàdákà kan yẹ kó tó gíráàmù 5.65, 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Ẹ tà wọ́n ní iye fàdákà, ó kéré tán.

Méjì tó kù, ṣílè kan àti sísì kan, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Dídán ọjọ́ tí wọ́n rọ wọ́n ṣì wà lójú wọn. Àwọn méjì yẹn ni mo ní kí á fi ránṣẹ́, sí PCGS tàbí NGC, kì í ṣe ibòmíràn. Bí máàkì bá dé, kí á má tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá owó lé e. Mo ti bẹ ọmọ wa kan ní London pé kó bá wa wo iye tí irú wọn ń tà ní gbàǹjo. Kò ní í tó gbogbo òrùlé. Ó lè tó páànù apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òjò ti ń wọlé sórí ìwé.

Alága, agolo náà wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ọbẹ̀. Kọ́ìnì ni kí ẹ má fọ̀ o.