Ikọ́ Ẹ̀jẹ̀ Tí Akàn Odò Ń Fà Lára Ọmọdé

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ń wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jáde, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni gbogbo wa ń rò. Ó yẹ kí a rò ó. Ṣùgbọ́n aràn kan wà pẹ̀lú tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Paragonimus.

Ẹyin aràn yìí ń ti inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ènìyàn bọ́ sínú odò. Nígbà tí ó bá pa, ọmọ rẹ̀ a wọ ara ìgbín kékeré inú omi, lẹ́yìn náà a bọ́ sí ara akàn. Ẹni tí ó bá jẹ akàn náà láìjinná ti gbé aràn mì. Yóò lu ìfun já, yóò sì gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ebi ìgbà ogun 1967 sí 1970 mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa jẹ akàn bẹ́ẹ̀, àrùn náà sì pọ̀ sí i.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Èkínní, kí a bi ọmọ náà bí ó bá ti jẹ akàn. Èkejì, kí a wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, bí ó bá pọ́n bí irin tí ìpáàrà bá. Ẹ̀kẹta, kí dókítà fi awò wá ẹyin aràn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé a máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì. Nítorí náà kí a yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwòrán àyà nìkan kò tó, nítorí àwọn àrùn méjèèjì lè jọra nínú rẹ̀.

Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, bí a tilẹ̀ lò ó fún oṣù púpọ̀, kì í pa aràn yìí. Praziquantel ni ó ń pa á: mg 25 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ 2. Ilé ìwòsàn ni kí ó fún un, kì í ṣe ọjà. Bí àyẹ̀wò bá sì fi ikọ́ ẹ̀gbẹ hàn, kí a tọ́jú ìyẹn pẹ̀lú, nítorí méjèèjì lè wà lára ọmọ kan.

Ǹjẹ́ ẹ̀yin òbí, ẹ se akàn jinná dáadáa, ẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ tí ẹ fi là á, ẹ má sì tutọ́ sínú odò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ń wúkọ́ pamọ́ nítorí ìtìjú. Ìtọ́jú ọjọ́ méjì lè gba ọmọ tí a ti ń sọkún lé lórí.