Kí A Tó San Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bá wa sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

  

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń yan ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún ọmọ. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ. Gbèsè kan tí mo bá ẹlòmíràn san ni ó mú mi jẹ́ ìpè yìí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Èmi àti ẹnì kan ni a ṣe onídùúró fún un. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo fi ọwọ́ sí ìwé, n kò bèèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ wọ aṣọ funfun fún ọdún mẹ́ta. Ó ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ó ń gún abẹ́rẹ́, inú gbogbo wa sì ń dùn. Nígbà tí ó tó àkókò ìdánwò àṣekágbá tí ó ń sọ ènìyàn di nọ́ọ̀sì, a kò rí orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní àṣẹ rárá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni ó gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ń gba owó. Owó lọ, ọdún mẹ́ta lọ. Nígbà tí bàbá ọmọ kò lè san gbèsè mọ́, ẹgbẹ́ yọ ìyókù nínú owó ìfipamọ́ àwa onídùúró. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe àlàyé. Ní ilẹ̀ wa, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà ni òfin fún ní agbára lórí iṣẹ́ yìí. Òfin 89 ti ọdún 1979 ni ó so ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn agbẹ̀bí pọ̀ di ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń ṣe ìdánwò, òun ni ó ń kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sínú ìwé, òun náà ni ó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ tí a ń sọ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwé ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ bá sì fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Òyìnbó lọ́la, ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni àwọn ará ibẹ̀ yóò ti bèèrè ẹ̀rí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ̀ pé bí kòkó ti wù kí ó dára tó, bí òǹyẹ̀wò kò bá tíì lu òǹtẹ̀ sí àpò rẹ̀, a kò lè kó o lọ sí èbúté. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ènìyàn Ìgbìmọ̀ ní láti wá wo àwọn olùkọ́, ilé ìkàwé, yàrá ìfidánrawò, àti ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ yóò ti kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́fà yìí:

Èkínní, ǹjẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìwé orúkọ tí Ìgbìmọ̀ ń gbé jáde? Ẹ má ṣe gba ti pátákó gbọ́. Ìwé orúkọ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ yín sì lè bá yín wò ó.

Èkejì, ẹ̀kọ́ wo ni àṣẹ náà wà fún? Ilé-ẹ̀kọ́ lè ní àṣẹ láti kọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó má ní ti agbẹ̀bí. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá àṣẹ pípé ni tàbí ti ìgbà díẹ̀, àti ìgbà tí yóò parí.

Ẹ̀kẹta, ọmọ mélòó ni Ìgbìmọ̀ fún wọn láyè láti gbà lọ́dún? Bí a bá ní kí wọ́n gba 50, tí wọ́n gba 120, àwọn 70 tí ó kù ńkọ́? Owó wọn ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ọjọ́ iwájú wọn ni wọ́n ń rò.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà wo ni wọn yóò fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀? Ìndẹ́ẹ̀sì ni a ń pe èyí. Ọmọ tí kò bá ní ìndẹ́ẹ̀sì kò lè jókòó ṣe ìdánwò. Ẹ má ṣe dúró títí di ọdún ìparí kí ẹ tó bèèrè nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ilé ìwòsàn wo ni wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́? A kò lè kọ́ ìtọ́jú aláìsàn níbi tí kò sí aláìsàn.

Ẹ̀kẹfà, báwo ni àwọn tí ó ṣáájú ṣe ṣe sí nínú ìdánwò Ìgbìmọ̀? Ẹ wá àwọn tí ó jáde níbẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Òǹtẹ̀ Ìgbìmọ̀ nìkan kọ́ ni ó wà o. Ní yunifásítì, níbi tí a ti ń lo ọdún márùn-ún gba oyè, àjọ NUC gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ sì ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fúnni ní ND àti HND. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ẹ bèèrè ọwọ́ NBTE náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì lè wọlé, pé àwọn yóò bá a "ṣe é", ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Mo mọ̀ pé ojú ń kán àwa òbí. Ọmọ ti jókòó sílé fún ọdún kan tàbí méjì, a sì ń fẹ́ kí ó ti ibì kan wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni èyí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó fún irú ẹ̀kọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Kí akọ̀wé wò ó nínú ìwé orúkọ Ìgbìmọ̀ kí owó tó jáde. Kí a máa san owó náà ní ọdọọdún sí àpò ilé-ẹ̀kọ́ ní báǹkì, kí a má kó o jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí a sì rí nọ́ńbà ìndẹ́ẹ̀sì kí a tó san ti ọdún kejì. Ẹ̀yin onídùúró, ẹ bèèrè kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i. Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ká ní mo bèèrè ní ọjọ́ náà, ìyá ọmọ ì bá bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kì bá tí pàdánù ọdún mẹ́ta.

Ọmọ náà ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní àṣẹ. Èmi fúnra mi ni mo lọ wo ibẹ̀ ní àkọ́kọ́, mo sì ti fi ojú mi rí nọ́ńbà ìndẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó ṣe é ní àṣeyọrí.

 Owó wa kò ní í ṣègbé, ọmọ wa kò ní í ṣòfò o. Àṣẹ.