Ẹwìrì Inú Ẹ́ńjìnnì: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ìpàdé Ẹ̀ka Wa ní Ayétòrò

Akọ̀wé ti ní kí a má ṣe pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn tí yóò wọ iṣẹ́ alẹ́ ti ń wo aago. A ó gbìyànjú.

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa nìyí. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ wa kọ ìwé sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa pé òun fẹ́ yá owó. Kì í ṣe owó ilé, kì í ṣe owó ilé ìwé ọmọ. Ó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sùpáshájà, kí ó fi sára ọkọ̀ Toyota Solara rẹ̀, onílẹ̀kùn méjì tí gbogbo yín mọ ohùn rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú pé ṣé owó tí a ń dá láti inú owó oṣù wa ni a ó fi máa sá eré. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa mẹ́ta tí a ti pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí owó tó kúrò nínú àpótí.

A kò wá síwájú yín láti fi àbúrò wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń wa tírélà sìmẹ́ńtì láti Ìbèsè láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ ra ọkọ̀ ìgbádùn, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ṣùgbọ́n owó àpótí yìí, owó gbogbo wa ni, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ fi rà.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí ọmọ tí ń fín ẹwìrì. Èédú kan náà ni, iná kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti tẹ ẹwìrì, irin á pọ́n. Afẹ́fẹ́ ló fi kún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rí. Epo nìkan kọ́ ni ó ń jẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fà símú pọ̀ ju epo lọ fíìfíì. Bí ẹ bá da epo sí i láìsí afẹ́fẹ́ tó, èéfín dúdú ni ẹ ó rí, ẹ kò ní rí agbára. Ẹ́ńjìnnì lásán ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Sùpáshájà a máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ tipátipá, kí epo púpọ̀ sí i lè rí ohun tí yóò fi jó.

Ọ̀rọ̀ ẹwìrì yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, Philander Roots àti Francis Roots, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ní ìlú Connersville ní Indiana, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ní 1860 lórí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin sì lò ó. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan láyé nígbà náà. Ní 1885 ni Gottlieb Daimler ará Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n fífi afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ó sì di 1921 Mercedes ti ń gbé ọkọ̀ oníkọ̀m̀présọ̀ jáde fún àwọn èèyàn láti rà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí “Kompressor” lẹ́yìn Benz tokunbo, ohun tí ó ń wí nìyẹn: ọkọ̀ yìí ní ẹwìrì nínú.

Kí a má sì dà á pọ̀ mọ́ tọ́bò. Tọ́bò ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ tírélà tí ẹ ń wà lójoojúmọ́. Alfred Büchi, ará Siwisalandi, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1905. Èéfín tí ń jáde lọ sínú sàlẹ́ńsà ló ń yí i. Sùpáshájà ní tirẹ̀, bẹ́líìtì ló ń yí i láti ara kiráńkì. Nítorí náà tọ́bò a máa dúró díẹ̀ kí ó tó jí. Sùpáshájà kì í sùn rárá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú agbára tí òun fúnra rẹ̀ ń mú wá, bí agbowó tí ń yọ tirẹ̀ kí ó tó kó ìyókù wálé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan kí a tó lọ jìnnà. Àwọn àgbà inú wa mọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́sí. Benz 911 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní tọ́bò ni, olówó ọkọ̀ sì ra tọ́bò àlòkù, ó ní kí mẹkáníìkì so ó mọ́ ọn, kí wọ́n sì ṣí páǹpù kí díísù lè pọ̀ sí i. Ọkọ̀ náà fò bí ẹyẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pẹ̀lú ẹrù kíkún, lórí òkè kan kí ó tó wọ Abẹ́òkúta, písítìnì yọ́. Ó yọ́ bí òrí àmọ́lá. Olówó ọkọ̀ ní awakọ̀ ló tẹ ọkọ̀ náà pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó ẹ́ńjìnnì nínú owó oṣù rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni a fi lọ, tí a fi bọ̀, kí ó tó dá owó ọkùnrin náà padà. Ohun tí a gbé lọ síwájú rẹ̀ ni písítìnì náà, tí a fi aṣọ wé, tí a sì ní kí ó wò bóyá ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ṣe é. Iná tí ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe irin náà láti gbà ló yọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àbúrò wa pé: ẹ́ńjìnnì rẹ, ta ló ṣe é fún ẹwìrì? Nítorí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kò kàn ń gbé e lé e lórí. Ẹ wo Benz C230. Èyí tí kò ní kọ̀m̀présọ̀, ìfúnpọ̀ inú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 10.4 sí 1. Nígbà tí wọ́n fi kọ̀m̀présọ̀ sí i, wọ́n dín in kù sí 8.8 sí 1, agbára rẹ̀ sì kúrò ní nǹkan bí ẹṣin 150, ó di 193. Wọ́n kọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ nínú ilé kí àlejò tó dé. Solara onísílíńdà mẹ́fà, líta mẹ́ta, ìfúnpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 10.5 sí 1. Ilé ti kún tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Ẹ̀ka eré ìdíje ti Toyota ní Amẹ́ríkà, TRD, ta sùpáshájà fún ẹ́ńjìnnì yìí gan-an nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Èyí tí àbúrò wa rí rà jẹ́ àlòkù, wọ́n tú u lára ọkọ̀ mìíràn. A lọ wò ó. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀, púlì wà níbẹ̀. Íńjẹ́tọ̀ kò sí, ohun tí ń darí epo kò sí, gásíkẹ́ẹ̀tì kò sí, ìwé kò sí. Ẹni tí ń tà á ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó kù, mẹkáníìkì yín á ṣe é.” Àwa la mọ ohun tí gbólóhùn yẹn máa ń ná èèyàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yan irú ẹ̀rọ yìí, ohun tí a rí nìyí. Oríṣi ti Roots, tí abẹ́ rẹ̀ méjì ń yí pọ̀ bí ọwọ́ méjì tí ń bu omi, a máa ti afẹ́fẹ́ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́. Oríṣi kan wà tí ó ní abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó jọ ẹ̀gbẹ́ kan tọ́bò. Kì í mú ohun gidi wá àfi bí ẹ́ńjìnnì bá sáré gan-an. Lójú ọ̀nà Ayétòrò sí Ìláròó, tí èèyàn ń yà fún kòtò, tí ó tún ń yà fún tírélà, níbo ni yóò ti sáré débẹ̀? Ti Roots ló bá ọ̀nà wa mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mú afẹ́fẹ́ gbóná ju tòun lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa fẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n. Afẹ́fẹ́ ayé tí a ń mí yìí ń tẹ nǹkan pẹ̀lú pọ́ùn 14.7 lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Bí ẹ̀rọ bá fi pọ́ùn 5 kún un, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó fi kún oúnjẹ ẹ́ńjìnnì, kí a tó yọ ti ooru kúrò. Ìyẹn tó. Àwọn ọ̀dọ́ a máa pààrọ̀ púlì sí kékeré kí ó lè yí kíákíá, kí ó di pọ́ùn 8 tàbí 10. Epo a wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ẹ ó gbọ́ ọ, kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni fi òòlù kékeré kan agolo. Ohùn yẹn ni písítìnì fi ń dágbére. Ìwé irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń béèrè epo bẹntiróò tí ipò rẹ̀ ga. Ẹ̀yin náà mọ iye oríṣi tí ilé epo wa ń tà.

Ní ti fífi í sí i, kí a tó fọwọ́ kan sípánà kankan, a ó kọ́kọ́ wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ púpọ̀ sí àwọn yòókù, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. A ó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, a ó wo ọ́ìlì. Ní 2002 Toyota fúnra rẹ̀ jáde pé òun yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún àwọn oníbàárà tí ọ́ìlì inú ọkọ̀ wọn tí wọ́n ṣe láàrin 1997 sí 2002 ti dì bí ògì, irú ẹ́ńjìnnì Solara yìí sì wà lára wọn. Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀ ti dí kò lè gbé ẹrù kún ẹrù.

Bí ó bá yege, ẹ tú orí bátìrì. Ẹ yọ mánífóòdù. Ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ẹ sì ka iye aṣọ tí ẹ fi dí i, nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ó bá já síbẹ̀ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Torque wrench ni kí ẹ fi dè é, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Íńjẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ lè fọ́n epo tó, kí rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ sì tún ọ̀rọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí ẹ ń pè ní brain box, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò tó, ibẹ̀ gan-an ni iná burúkú wà. Píláàgì tí ó tutù ní ìpele kan ni kí ẹ lò.

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ẹ mọ bẹ́líìtì ju àwa awakọ̀ lọ. Púlì méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí ìlà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bẹ́líìtì á ya. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn láti inú apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, bẹ́líìtì tí wọn kò bò mú ọmọ ìka méjì lọ lọ́wọ́ ẹnìkejì wa. Ó ń fi ọwọ́ yẹn kí wa títí di òní.

Ohun tí ó kù ni bíréèkì. A wa Solara náà lọ sí ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta, a tẹ bíréèkì ní ìwọ̀n 80, ó ń gbọ̀n, ó sì ń fà sápá òsì. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti pá. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà ńlá márosẹ̀, 50 láàrin ìlú, Solara yẹn sì ti lè kọjá méjèèjì bí ó ṣe wà yẹn. Ní agbègbè ààlà wa yìí pẹ̀lú, ẹ mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ tí ó bá ń sáré jù: fàyàwọ́ ni gbogbo ènìyàn yóò pè é, Kọ́sítọ́ọ̀mù yóò dá a dúró ní gbogbo ibùdó, awakọ̀ tí kò gbé ìrẹsì kankan yóò sì máa ṣí bọ́ọ̀tù rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ìmọ̀ràn tí àwa mẹ́ta mú wá nìyí, kí ìpàdé dìbò lé e lórí. Kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó fún sùpáshájà. Kí ẹgbẹ́ yá àbúrò wa ní owó bíréèkì, táyà mẹ́rin àti rédíétọ̀ tuntun, kí ó san án fún oṣù mẹ́fà bí a ṣe ń san gbogbo ẹ̀yáwó kékeré. A ti bá a sọ ọ́. Inú rẹ̀ kò dùn ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì ó wá béèrè iye tí táyà jẹ́. Bí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra ẹwìrì lọ́jọ́ iwájú, tí ẹ̀rọ náà pé, tí ìwé rẹ̀ wà, àwa fúnra wa ni yóò bá a dè é.

Aago ìwọ̀nfúnpọ̀ tí a lò wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ipò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ìbáà ṣe taksí, ìbáà ṣe bọ́ọ̀sì, kí ó gbé e wá ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, kí ó sì tọ́jú sípánà píláàgì tirẹ̀ dání, nítorí ẹnìkan ti yá tiwa kò sì dá a padà.