Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi, Ìlú Ọjà, àti Ọ̀rọ̀ Àjọ Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Mando. Admin yín ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti wo bí voice note yìí ṣe gùn tó, wọ́n á ní, ó tún ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí dátà rẹ̀ ò bá tó, akọ̀wé á bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Inú àpótí bàbá mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú àbúrò bàbá mi, mo rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan, àwọn ńlá ayé àtijọ́ yẹn, bàbá mi fi bírò kọ "Headmaster" sí i lára. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀ látorí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí òun náà ń tajà ní Kàdúná níbí. Mo gbé e wá. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kawo bá mi kó o sínú fláàṣì, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n, ó dà bíi pé òjò ń rọ̀ lójú rẹ̀, níbì kan ìpolówó ọṣẹ já gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ohùn wọn já gaara.

Ẹ̀yin àgbà á rántí eré náà, The Village Headmaster. Ẹ̀yin ọmọdé, 1968 ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Èkó. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá a sílẹ̀, ọkùnrin tó padà di aṣojú Nàìjíríà ní Etiópíà. Ó di 1988 kí eré náà tó kúrò nílẹ̀. Ogún ọdún gbáko! Nígbà yẹn téèpù wọ́n, wọ́n sì máa ń gba tuntun lé àtijọ́ lórí, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò fi sí mọ́. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ọjà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, Ọlọ́jà sì ni ọba wọn. Dejumo Lewis ló ṣe ọba náà. Àwa tá à ń tajà, ẹ ò rí i pé ìlú wa ni?

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mẹ́jọ, ẹni mẹ́ta ni mo mọ̀ nínú eré yẹn. Olóyè Eleyinmi ni àkọ́kọ́, Fúnṣọ́ Adéolú ló ṣe é. Bó bá ti jókòó láàárín àwọn ìjòyè báyìí, ẹ̀rín ti dé nìyẹn. Ọkùnrin yìí padà jọba lóòótọ́ o, ó di Aláyé Òde Rẹ́mọ. Ẹni tó ń fi oyè ṣe àwàdà lórí tẹlifíṣọ̀n ló di kábíyèsí gidi! Ẹnì kejì ni Amebo, tí Ìbídùn Allison ṣe. Ọ̀rọ̀ kì í dúró sí i níkùn. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà fi ń pe olófòófó títí dòní. Àwọn ọmọ Haúsá tó ń kiri ọjà ní páàkì Mando níbí ń pe ara wọn ní amebo, wọn ò mọ̀ pé inú eré ló ti wá. (Amebo wà nínú group yìí náà. Mi ò dárúkọ.)

Ẹnì kẹta ni Bassey Okon, tí Jab Adu ṣe. Ọmọ Calabar ni láàárín ìlú Yorùbá, ohùn Calabar ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi máa ń sín in jẹ títí ìyá wa á fi lé wa síta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n mú iná wá lóru, mo wo fláàṣì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí Bassey ṣe lanu báyìí, ẹ̀rín ò wá. Ohun tí mo rántí ni ọdún àkọ́kọ́ mi nínú ọjà níbí. Ìyá àgbà kan wá ra nǹkan, mo ń sọ "kai" fún un, èyí tí wọ́n ń sọ fún ọkùnrin, "ke" ló sì yẹ. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ Bayarabe tó sọ ọ́ di ọkùnrin. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó sì ra ọjà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń rà lọ́wọ́ mi.

Mo wá ń ka àwọn tó wà nínú eré náà. Tíṣà kan ń jẹ́ Garuba, Joe Layode ló ṣe é. Ọmọ Yorùbá ń ṣe Garuba! Hẹdimásítà fúnra rẹ̀, Ted Mukoro ṣe é, Femi Robinson ṣe é, Justus Esiri ṣe é. Esiri yìí, tí àwa ẹgbẹ́ mi mọ̀ jù, ọmọ Oria-Abraka ni, ní apá Delta lọ́hùn-ún. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹnu ìlú rẹ̀ ni kálukú fi ń sọ ọ́, pijin wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀. Mi ò ní wọn kì í jà o. Ìjà pọ̀! Ṣùgbọ́n gbogbo wọn náà ni ará Ọjà.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bọ̀dá Ìdomà tó ń ta táyà, tó ní òun fẹ́ bá wa dá àjọ. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí láti ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan ní ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ni, kò kàn án. Ẹlòmíràn ní bó bá kó àjọ tán tó sá lọ, ta la máa mú? Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò fojú rénà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ló kó àjọ wa sá lọ lọ́dún tó kọjá? Ṣé Ìdomà ni? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, a tiẹ̀ jọ jẹun Iléyá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ní 2000, nígbà rògbòdìyàn Sharia, kálukú mọ ilé tó sá wọ̀. Ilé Alhaji tó ni ilé tí bàbá mi háyà ni bàbá mi wà fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ, wọ́n kó fídíò lọ, wọ́n kó gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Kásẹ́ẹ̀tì yìí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun àti aṣọ ọrùn bàbá mi nìkan ló dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ò sọ fún wa rí pé Bayarabe ni òun lójú Alhaji yẹn. Orúkọ Alhaji ló máa ń dá.

Nítorí náà, mo ti kọ orúkọ bọ̀dá yẹn sílẹ̀, nọ́ńbà kejìlélógún. Òun ló máa kó kẹ́yìn bó ṣe jẹ́ ẹni tuntun, ẹni méjì ló sì dúró fún un, èmi ni ọ̀kan. Bó bá sá, ẹ wá gba owó lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó má jà síbí. Ọjọ́ Sátidé la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó.

Ẹni tó bá fẹ́ wo Eleyinmi, kó mú fláàṣì tirẹ̀ wá, mi ò gba kọ́bọ̀. Kó má wá lásìkò Jímọ̀ o, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì mú fláàṣì àwọn ọmọ yín tó kún fún fáírọ́ọ̀sì wá bá mi.