"Dín" àti "Pín" Nínú Áljẹ́brà

Àmì kan wà nínú áljẹ́brà tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà. Òun ni àmì àyọkúrò tí ó bá wà lára agbára, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tí a ń kọ sí èjìká nọ́ńbà mìíràn.

Orísun àṣìṣe náà kò jìnnà. Láti inú òǹkà Yorùbá ni ọmọ ti mọ "dín": àrúndínlógún ni ogún tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá wá rí 2⁻³, yóò kọ −8. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí agbára ti ń sọ̀kalẹ̀: 2³ jẹ́ 8, 2² jẹ́ 4, 2¹ jẹ́ 2, 2⁰ jẹ́ 1. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pípín ni a ń fi 2 pín in. Nítorí náà, 2⁻¹ jẹ́ 1/2, 2⁻³ sì jẹ́ 1/8. Ẹni tí ó ra ìdajì kóńgò gàrí ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò jẹ gbèsè. Gàrí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn kéré ni.

Àṣìṣe kejì le ju èyí lọ. A ti kọ́ ọmọ pé ohun tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ yóò rékọjá ìlà ìdá, àmì náà yóò sì kúrò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ gbogbo òkè tàbí gbogbo ìsàlẹ̀ di púpọ̀ nìkan ni ó lè rékọjá. Ohun tí a rò pọ̀ mọ́ òmíràn kò lè dá rékọjá. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí, bí x àti y kò bá ti jẹ́ òdo:

(x⁻¹ + y⁻¹) / (x⁻¹y⁻¹)

Ọmọ tí ó bá kánjú yóò kọ xy/(x + y). Kí ó fi 2 dípò x, kí ó sì fi 3 dípò y. Òkè yóò jẹ́ 1/2 + 1/3, ìyẹn 5/6. Ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 1/6. Èsì rẹ̀ ni 5. Ṣùgbọ́n 6/5 ni ìdáhùn tirẹ̀ yóò fún un. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a fi xy sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Òkè yóò di y + x, ìsàlẹ̀ yóò di 1. Ìdáhùn ni x + y.

Ní 1970, ètò Ilé-Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Èdè abínibí lè gbé ìṣirò, bí olùkọ́ bá ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì ọmọ lọ́nà, kì í ṣe máàkì nìkan ni yóò pàdánù. Yóò gbà pé ìṣirò kò sí fún òun. Nítorí náà, kí olùkọ́ là á yé e: lára agbára, àmì àyọkúrò kì í ṣe "dín", "pín" ni.