Ohun tí a Bá Òkú Sin: Itẹ́ Òkú Ìgbà Àwọn Avar àti Ẹ̀rí tí ó Ń Jẹ́



Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Bí a bá hú ibojì àtijọ́, tí a sì bá ìgbànú ọlọ́nà ní ìbàdí òkú, ǹjẹ́ ìgbànú náà lè sọ fún wa irú ìran tí òkú náà ti ṣẹ̀? Ní ọdún púpọ̀ tí mo fi kọ́ni, “Bẹ́ẹ̀ ni” ni mo máa ń dáhùn. Mo wá láti yí ìdáhùn náà padà ní gbangba.

Ẹlẹ́ṣin ni àwọn Avar. Láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti wá. Láàárín ọdún 567 sí 568, lábẹ́ Bayan ọba wọn, wọ́n gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àwọn òkè Carpathia yí ká, níbi tí ilẹ̀ Họ́ńgárì wà lónìí. Ní 626 wọ́n dó ti Constantinople, wọn kò sì rí i gbà. Láàárín 791 sí 796 ni ogun Charlemagne fọ́ ìjọba wọn. Wọn kò fi ìwé ìtàn kankan sílẹ̀ fún wa. Àwọn tí wọ́n bá jagun ni ó kọ ìtàn wọn. Ibojì ni wọ́n fi ń sọ tẹnu ara wọn, ó sì pọ̀: itẹ́ òkú Zamárdi nìkan, lẹ́bàá adágún Balaton, ní ju ibojì 2,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹrù òkú lè sọ fún wa. Èkíní ni àkókò. Owó wúrà Ọba Justinian wà lára ohun tí a rí nínú ibojì kan ní Kunágota. Ẹni tí a bá irú owó bẹ́ẹ̀ sin, a kò lè ti sin ín ṣáájú ìjọba ọba tí ó ni owó. Nípa irú ẹ̀rí yìí ni Ferenc Pulszky fi dá ohun èlò àwọn Avar mọ̀ ní 1874. Èkejì ni ipò. Ní 1971, a rí ibojì ọkùnrin kan ní Kunbábony, pẹ̀lú idà tí a fi wúrà bò àti ìgbànú oníwúrà. Wúrà inú ibojì náà ju kílò méjì lọ. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn gbà pé ọba ni. Ẹ̀kẹta ni ìgbé ayé. A sin àwọn jagunjagun kan pẹ̀lú ẹṣin wọn, ìjánu, àti irin tí ẹlẹ́ṣin ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, èyí tí àwọn Avar mú wọ Yúróòpù. A sin àwọn obìnrin pẹ̀lú yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun èlò ìrànwú. Ìkòkò àti egungun ẹran fi hàn pé a di oúnjẹ fún òkú.

Títí dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ wa wà lórí ilẹ̀ líle. Ìgbànú ni ó ṣì wá lọ́nà. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, ìgbànú tí a fi idẹ dárà sí, tí ó ní àwòrán ẹranko inú àlọ́ tí ó ní orí ẹyẹ àti ara kìnnìún, tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. A ní ẹni tí ó bá sán an, ọmọ Avar ni. Lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jiyàn pé ti Avar ni itẹ́ òkú yìí, ti Slav ni tọ̀hún.

Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí ka DNA, èyíinì ni àmì ìran tí ń bẹ nínú egungun. Ní 2022, wọ́n fi hàn pé apá Mòǹgólíà ni ìran àwọn ọlọ́lá Avar àkọ́kọ́ ti ṣẹ̀. Ní 2024, wọ́n ka egungun ènìyàn 424 láti itẹ́ òkú mẹ́rin ní Họ́ńgárì. Agboolé bàbá ni wọ́n bá níbẹ̀: ọmọkùnrin ń jókòó sílé, ìyàwó ń ti ibòmíràn wá, wọ́n sì ń ṣú opó, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá tiwa náà ti ń ṣe. Kò sí ìgbànú tí ó lè sọ èyí fún wa.

Ní 2025 ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Itẹ́ òkú méjì wà ní gúúsù Vienna, ní Leobersdorf àti ní Mödling. Ìgbà kan náà ni, irú ẹrù kan náà ni, ọ̀nà ìsìnkú kan náà ni. Bí mo bá gbé ohun èlò méjèèjì sórí tábìlì yìí, n óò sọ pé ìran kan ni ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìran púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Leobersdorf ṣẹ̀ láti ìlà-oòrùn Éṣíà, ti àwọn ará Mödling sì jẹ́ ti Yúróòpù. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n jọ jẹ́ Avar.

Àwọn àgbà wa ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ìgbànú pẹ̀lú kọ́ ni ìran. Òkú kì í sin ara rẹ̀. Àwọn alààyè ni ó ń di ẹrù fún un. Ohun tí a bá nínú ibojì, ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kù lẹ́yìn ni: pé ẹni wa ni èyí, ipò tí ó wà láàárín wa nìyí. Ẹ̀rí ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹgbẹ́ àti àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti kọ ìdáhùn mi àtijọ́ sínú ìwé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ìdẹ inú ibojì du ilẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ rántí Mödling àti Leobersdorf, kí ẹ sì bi í pé: ta ni ó sán ìgbànú náà mọ́ òkú nídìí?